Ìbéèrè Méjìdínlógójì

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí dé òpin, kó wá nǹkan fẹ̀yìn tì, nítorí pé ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí kì í tètè parí ọ̀rọ̀, ó sì ṣòro láti ròyìn irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìfara jọ ọ́ díẹ̀.

Ọlábọ̀dé ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, orúkọ náà tó o. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe Olùbẹ̀wò Àgbà lórí àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ́kànlélógójì, láti Yaba dé Mushin, orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí aṣọ tí kò ká òtútù mọ́. Ó fi “Alàgbà” bò ó. Ó fi “Olóyè” lé e. Nígbà tí ó sì lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan, tí ó padà wálé ní ọjọ́ kejì nítorí pé oúnjẹ wọn kò bá a lára mu, ó fi “Baba Ìkọ́ni Alárinrin” dé gbogbo rẹ̀ lórí. Bí a bá ń wá ẹni tó fi í joyè yìí, inú ọ̀rọ̀ ìkíni tí òun fúnra rẹ̀ kọ ni a ó ti rí i kà.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, àga Olùdarí Ẹ̀kọ́ ṣófo, nítorí ẹni tó wà lórí rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Àga yẹn ni Ọlábọ̀dé ń fẹ́. Kò fẹ́ ẹ bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ ohun tí kò ní. Ó fẹ́ ẹ bí ohun tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kàn ń bá a tọ́jú. Ó ti ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ pé òun ti débẹ̀. Wọ́n ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé kí ìjọba náà gbọ́.

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta ni yóò yan Olùdarí tuntun, wọ́n sì ti sọ ohun tí wọn yóò fi yàn án. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ipò náà, kó wá dúró níwájú àwọn ọmọdé, kó kọ́ wọn ní iṣẹ́ kan lójú àwọn, kí àwọn fi ojú ara àwọn rí bí ó ṣe ń fa ọkàn ọmọ wọnú ẹ̀kọ́.

Ọlábọ̀dé rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ka ìwé náà. Ta ni yóò bá ẹja díje nínú omi?

Síbẹ̀, ẹja gbọ́n. Kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, ó pe gbogbo olùkọ́ abẹ́ rẹ̀ jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Surulere láti là wọ́n lóye nípa ìkọ́ni alárinrin. Quadri, akọ̀wé rẹ̀, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ Quadri lórí ìwé ni láti máa tọ́jú fáìlì. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti máa gbọ̀n rìrì nígbàkígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá lanu.

“Ẹ̀yin olùkọ́ mi!” Ọlábọ̀dé bẹ̀rẹ̀. “Ẹ̀yin òpó tí ó gbé òrùlé ọ̀la dúró! Ẹ̀yin irúgbìn tí mo fi omi ẹnu ara mi bomi rin!”

Àwọn tó jókòó níwájú nu ojú wọn.

“Olùkọ́ tí ó ń dá nìkan sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, apànìyàn ni! Ọmọ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀! Ọmọ gbọ́dọ̀ bèèrè! Olùkọ́ tí ó bá sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láìdánu dúró, olè ni, àkókò ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń jí!”

“Háà! Ọ̀gá!” Quadri di orí mú. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, sà!”

Ó tún un sọ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Nígbà tí ó sọ ọ́ kẹ́yìn, aago mẹ́ta ti lù. Láàárín méjèèjì, olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó rí àyè sọ̀rọ̀. Olùkọ́ náà nawọ́ sókè, ó bèèrè ọ̀nà ilé ìtọ̀. Quadri kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn olùkọ́ kópa.

Kí wọ́n tó tú ká, Ọlábọ̀dé fi òfin lé wọn lọ́wọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bèèrè ìbéèrè kan nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ti bèèrè, kí olùkọ́ wí pé “Ìbéèrè tó dára!”, kí kíláàsì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí á sì fa ìlà kan sínú fọ́ọ̀mù. Ọmọ tí kò bá bèèrè, kò gbọdọ̀ jáde lọ ṣeré ní ìsinmi ọ̀sán. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tirẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà, kò gbọdọ̀ yẹ̀ kúrò níbẹ̀, yálà èyí tó ṣáájú rẹ̀ yé ọmọ, yálà kò yé e.

Ẹ jẹ́ kí á bá wọn ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ kan, ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọ méjìdínlógójì. Ìbéèrè kan pẹ̀lú ìyìn rẹ̀ àti àtẹ́wọ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú méjì ni ó kù sílẹ̀: ọ̀kan fún kíkí olùbẹ̀wò, ọ̀kan fún ẹ̀kọ́.

Ilé ìwé kan wà ní Mushin tí à ń pè ní Àtùpà Ìmọ̀, níbi tí òòlù àwọn panẹbítà tó ń na ara ọkọ̀ ní Ládìpọ̀ ti ń bá olùkọ́ pín ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀gbẹ́ni Ṣàíbù ni ọ̀gá àgbà ibẹ̀, ọmọ télọ̀ kan ní Mushin àtijọ́, ẹni tútù tí kì í bá afẹ́fẹ́ jà. Àǹtí Motọ́lání ni ó ń kọ́ kíláàsì kẹrin. Ní ọjọ́ kan, Ọlábọ̀dé yọ sí kíláàsì náà láìsọ tẹ́lẹ̀, òun àti Quadri àti fọ́ọ̀mù. Ohun tí ó rí kà á láyà. Kíláàsì dákẹ́. Àwọn ọmọ wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n wà lábẹ́ tábìlì, wọ́n wà lára fèrèsé. Ọ̀kan ń fi irin dúdú kan kan ìkọ́ ìlẹ̀kùn, ó ń wo ẹnìkejì rẹ̀, ó ń mi orí.

“Kí ni mo ń wò yìí?” ni Ọlábọ̀dé bèèrè.

“Ẹ káàárọ̀, sà,” ni Motọ́lání wí. “Irin òòfà ni, sà. Muadh yìí ni bàbá rẹ̀ tú u lára gbohùngbohùn ọkọ̀ ní Ládìpọ̀. Ó bèèrè pé kí ló dé tó ń fa ìṣó tí kò fa ìdérí ìkòkò ìyá òun. Mo ní kí wọ́n lọ wo ohun tó ń fà nínú kíláàsì àtohun tí kò fà, kí wọ́n wá sọ fún mi.”

“Ìbéèrè mélòó ni wọ́n ti bèèrè?”

“Ọ̀kan yẹn náà ni, sà.”

“Ọ̀kan!” Ohùn Ọlábọ̀dé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ òòlù Ládìpọ̀ lọ́rùn. “Ọmọ méjìdínlógójì, ìbéèrè kan! Kí ni àwọn yòókù ń ṣe?”

“Wọ́n ń ronú, sà.”

Ọlábọ̀dé gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ Quadri. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yí i padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfìfo ni ẹ̀yìn.

“Kò sí àyè fún ìrònú níbí,” ni ó wí, ó sì dá fọ́ọ̀mù náà padà. Àwa kò rò pé ó parọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìbáwí dé bá Motọ́lání. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ni ìwé náà wí, a ó gbé e lọ sí ilé ìwé tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń débẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ṣàíbù kò fẹ́ pàdánù olùkọ́ náà. Ó jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó gé páálí sí ọ̀nà méjìdínlógójì, ó kọ ìbéèrè kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì pín in fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin kí wọ́n lọ kọ́ ọ sórí nílé. Àwọn ọmọ tó ń kó odindi súrà sórí ní ilé kéwú, kí ni ìbéèrè kan já mọ́ lójú wọn? Láti ìgbà náà, ìbéèrè ń jáde ní Àtùpà Ìmọ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ọlábọ̀dé wò ó, ó gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Èyí náà kì í ṣe irọ́.

Nígbà tí ó tó àkókò ìdánwò, kíláàsì yìí gan-an ni Ọlábọ̀dé ní òun yóò lò. Ìgbìmọ̀ gbà. Wọ́n fi í sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé Iléyá. Iṣẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà lórí kàlẹ́ńdà ni Ẹ̀fọn àti Àìsàn Ibà. Ọ̀gbẹ́ni Ṣàíbù gé páálí tuntun. Ó kọ ìbéèrè méjìdínlógójì nípa ẹ̀fọn, ó pín in kí ìsinmi Iléyá tó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí kálukú kọ́ ọ sórí, kó fi ẹran tì í lẹ́yìn.

Ìjọba wá fi ọjọ́ kan kún ìsinmi. Ìṣẹ́gun di ọjọ́ ìsinmi. Ìdánwò bọ́ sí Ọjọ́rú, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ Ọjọ́rú lórí kàlẹ́ńdà sì ni Ìdá nínú ìṣirò.

Ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Ṣàíbù pàdé Ọlábọ̀dé ní ẹnu géètì, ó dọ̀bálẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀fọn.”

“Kí ló jẹ́ ẹ̀fọn?”

“Iṣẹ́ òní, sà. Ẹ̀fọn ni àwọn ọmọ ti múra sílẹ̀ fún.”

“Ta ní í múra sílẹ̀ fún ìbéèrè? Ìbéèrè a máa sun látinú ọmọ ni, bí ìsun omi. Àbí o kò sí ní Surulere ni?”

“Mo wà níbẹ̀, sà. Àmọ́ ẹ̀fọn ṣe pàtàkì. Ẹ̀fọn pọ̀ ní Mushin, sà.”

“Òní Ọjọ́rú, ìdá ni. Ṣé èmi tí mo ṣòfin ni kí n wá máa rú u níwájú ìgbìmọ̀? Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi, mo gbẹ́ tèmi.”

“Ẹ ti gbẹ́ ẹ jù, ọ̀gá!” Quadri gbọ̀n.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣàíbù sáré lọ sí kíláàsì kẹrin. “Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ! Lónìí, kí ẹnikẹ́ni má bèèrè nǹkankan!”

“Sà,” ni Muadh wí, “ìsinmi ọ̀sán wa ń kọ́?”

Kí ó tó dáhùn, bàtà Ọlábọ̀dé ti ń dún lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ní ọwọ́ kan, ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà. Ní ọwọ́ kejì, eré. Ẹni tó bá ti ṣe ọmọdé rí mọ ibi tí wọ́n tẹ̀ sí.

Ìgbìmọ̀ wọlé, wọ́n jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí Motọ́lání. Àlàájà Kùdírátù ni olórí wọn, ọ̀gá àgbà ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, arúgbó tíńrín tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ Mushin, títí tí ó fi kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í padà sójú.

Ọlábọ̀dé kí ìgbìmọ̀, ó kí ìjọba, ó kí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ọsàn kan jáde, ó gbé e sókè, ó sì fi ọ̀bẹ là á sí méjì.

“Ohun kan, mo ti pín in sí méjì ọgbọọgba. Apá kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní ìdajì. Ó yé yín?”

“Ó yé wa, sà!”

“Ó ti parí. Ìbéèrè!”

Ọwọ́ yọ sókè bí ẹ̀gẹ́ ọdún tí òjò dára. Quadri ki ẹnu kálámù bọ fọ́ọ̀mù. Ọlábọ̀dé kọjú sí ìgbìmọ̀ lẹ́yìn kíláàsì, ó na ìka sáàárín àwọn ọmọ láìwo ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Muadh dìde, ó ká ọwọ́ sáyà. “Sà, kí ni ó fà á tí ó fi jẹ́ pé abo rẹ̀ nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn?”

“Ìbéèrè tó dára! Ẹ pàtẹ́wọ́!”

Pá, pá, pá.

“Sà, ibo ni ó máa ń yé ẹyin rẹ̀ sí?”

“Ìbéèrè tó dára! Ẹ pàtẹ́wọ́!”

“Sà, tí ó bá jẹ ènìyàn, ọjọ́ mélòó ni ibà yóò fi dé?”

“Áà! Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ gbọ́ ìjìnlẹ̀! Ẹ pàtẹ́wọ́!”

Ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ wo ọsàn náà. Ó rọra sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

“Sà, báwo ni a ṣe lè pa á?”

Nítorí pé ó yẹ kí olùkọ́ dáhùn ẹyọ kan, Ọlábọ̀dé dáhùn èyí. “Ọ̀bẹ ni a ó mú,” ni ó wí, “a ó là á sí méjì ọgbọọgba. Ẹ pàtẹ́wọ́!”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ. Wọ́n bèèrè nípa àwọ̀n tí à ń ta sórí ibùsùn. Wọ́n bèèrè nípa gọ́tà. Wọ́n bèèrè bóyá ó ń kùn kí ó tó jẹ ni tàbí lẹ́yìn tí ó bá ti jẹ tán. Ọlábọ̀dé ń yìn, Quadri ń fa ìlà, ojú Ọ̀gbẹ́ni Ṣàíbù lẹ́nu ọ̀nà sì ti di ti ẹni tó ń wo ilé rẹ̀ tó ń jó. Ìlà di mẹ́tàdínlógójì. Ọmọ kan ló kù, Aneesah, tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ ti rìnrìn àjò lọ ṣe Iléyá nílùú wọn kí wọ́n tó pín páálí.

Ó dìde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Sà, wọn ò tíì fún mi ní tèmi.”

“Ìbéèrè tó dára!” ni Ọlábọ̀dé ké, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ẹ pàtẹ́wọ́!”

Pá, pá, pá.

Àlàájà Kùdírátù dìde. “Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé, ẹ kú iṣẹ́. Kí ni ọmọ yìí wí?”

“Ó bèèrè ìbéèrè tó jinlẹ̀ gan-an, mà.”

“Mo gbọ́ tí ẹ yìn ín. Kí ló bèèrè?”

Ọlábọ̀dé wo Quadri. Quadri wo fọ́ọ̀mù. Ìlà méjìdínlógójì wà níbẹ̀, wọ́n tò gún régé, ọ̀kan kò sọ̀rọ̀.

“Kò burú,” ni Àlàájà wí. “Ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí àwọn ọmọ yìí bi yín láti àárọ̀, ẹ sọ ẹyọ kan fún mi. Èyí tó bá wù yín.”

A ti sọ pé ọkùnrin yìí kì í wá ọ̀rọ̀ tì.

“Gbogbo wọn ló dára, mà,” ni ó wí. “N kò fẹ́ ṣe ojúsàájú.”

Àlàájà tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aneesah. “Ìyá mi, kí ni wọn ò tíì fún ẹ?”

“Ìbéèrè mi, mà. Gbogbo wọn ló ti gbà.”

“Ta ní ń fún yín ní ìbéèrè?”

Aneesah kò fẹ́ ṣòfófó. Ó kàn wo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni Ṣàíbù sì ti wà nílẹ̀ gbalaja.

“Èmi ni, mà. Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀fọn ni mo fún wọn, mà, ìdá ló dé. Tí wọn ò bá bèèrè, wọn ò ní ṣeré. Tí wọn ò bá sì kún fọ́ọ̀mù, wọ́n á gbé Àǹtí Motọ́lání lọ mọ́ mi lọ́wọ́. N kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe.”

“Ẹ dìde, Ọ̀gbẹ́ni Ṣàíbù. Ẹ ti ṣe ohun tí fọ́ọ̀mù fẹ́.” Àlàájà yíjú sẹ́yìn. “Motọ́lání, ìṣẹ́jú mélòó ló kù kí agogo ìsinmi tó lù?”

“Mẹ́ta, mà.”

“Lò ó.”

Motọ́lání gba ìdajì ọsàn lọ́wọ́ Ọlábọ̀dé, ẹni tí kò mọ̀ pé òun ṣì dì í mú. Ó fi í sórí tábìlì. “Èyí, ẹ̀yin mẹ́ta níwájú ló ni ín. Ẹ pín in. Ẹni tó bá sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, kó fi hàn wá.”

“Àǹtí, ṣé a máa ka kóró mọ́ ọn?” ni Muadh bèèrè.

“Ẹ jọ fẹnu kò lórí rẹ̀.”

Ariwo sọ. Àwọn kan ní kóró kì í ṣe ọsàn. Àwọn kan ní inú kí ló ti jáde nígbà náà? Aneesah ní bí wọ́n bá máa ka kóró, kí wọ́n ka èèpo pẹ̀lú, ó sì gba ọ̀bẹ. Nígbà tí agogo lù fún ìsinmi ọ̀sán, kò sẹ́ni tó jáde. Ọkùnrin ìgbìmọ̀ tó sún àga sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ti gbé e padà wá síwájú, ó ń bá wọn jiyàn kóró.

Ọlábọ̀dé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Ó ń retí kí ẹnìkan ní kí ó wá fi ọ̀rọ̀ ìdágbére pa iṣẹ́ náà dé.

Ẹnu òrofó ní í pa òrofó, a sì mọ̀ pé ẹyẹ náà kò sí níbi tí wọ́n ti pa òwe mọ́ ọn. Lọ́sẹ̀ kejì, ìgbìmọ̀ gbé àga Olùdarí fún obìnrin kan ní Surulere tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ kí ó pariwo rí. Àwọn ọmọ ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n wá kí Ọlábọ̀dé kú oríire bá a nínú yàrá rẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé àga náà wà lọ́dọ̀ káfíńtà. Wọ́n dúró di ọ̀sán. Wọ́n lọ. Quadri ti ń gbọ̀n rìrì nínú ọ́fíìsì mìíràn.

Ìwé mìíràn tẹ̀lé e. Níwọ̀n bí Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé ti ní ìmọ̀ tó pọ̀ tó báyìí nípa ìkọ́ni alárinrin, ni ìwé náà wí láìrẹ́rìn-ín, yóò jẹ́ àǹfààní ńlá fún àwọn ọmọdé bí ó bá lè fi ọdún kan gbáko kọ́ kíláàsì kẹta ní ilé ìwé kan ní Oto, ìgbèríko kan tó jìnnà sí Mushin.

Ó débẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n dìde, wọ́n kí i, wọ́n jókòó. Ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ó kí wọn káàárọ̀, ó kí àwọn òbí tó bí wọn, ó kí ilẹ̀ Oto àti àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó. Ó sọ fún wọn ibi tí òun ti ń bọ̀. Ó sọ fún wọn ibi tí òun ì bá wà báyìí. Ó ń ṣàlàyé ohun tí wọn yóò máa kọ́ lọ́dọ̀ òun nígbà tí agogo lù, ogójì ìṣẹ́jú sì pé.

Ó nu ojú rẹ̀. “Ìbéèrè wà bí?”

Kò sẹ́ni tó mira. Kò sí páálí ní Oto. Ọlábọ̀dé dúró, ó dúró pẹ́ ju bí ó ti máa ń dúró lọ, nítorí kò sí ẹnìkan tí ó lè kọjú sí mọ́ àfi wọn.

Lẹ́yìn, lọ́wọ́ fèrèsé, ọmọbìnrin kékeré kan dìde.

“Sà, ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa wá lọ́la?”

Gbogbo orí yíjú sí i. Ọlábọ̀dé gbọ́ ohun tí ọmọ náà bèèrè, láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin.

“Èmi náà ni,” ni ó wí.

Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó sì jókòó.